Obìnrin oníjó inú àwòrán Páṣíà: Ijó tí kò parí láti bí irinwó ọdún

Bí oníjó bá jó tán, ijó náà parí nìyẹn. Ohun tí ojú rí nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Páṣíà àtijọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Iran lónìí, àwọn ayàwòrán wá ọgbọ́n dá sí i. Orí bébà tí kò tóbi ju ojú ewé ìwé kan lọ ni wọ́n ti ya obìnrin tó ń jó: ó tẹ ìbàdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó na ọwọ́ sókè, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Iṣẹ́ sùúrù ni iṣẹ́ yìí. Wọn a kọ́kọ́ fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ha ojú bébà náà títí yóò fi máa dán. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ológbò tàbí ti ọ̀kẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, fa ìlà sí i. Òkúta iyebíye láti òkè Badakhshan, ní Afghanistan, ni wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe ọ̀dà aláwọ̀ búlúù. Wúrà gidi náà ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n fi ń kun etí aṣọ àti ojú ọ̀run. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé kò sí òjìji kankan nínú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ìwé ìtàn àti ìwé ewì ni ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyí máa ń wà, àwọn ọba àti ìjòyè ló sì lágbára láti sanwó rẹ̀. Ní ọdún 1598, Shah Abbas Kìíní sọ Isfahan di olú-ìlú rẹ̀. Ní ìlú náà ni Reza Abbasi, gbajúgbajà ayàwòrán tó kú ní ọdún 1635, ti di olókìkí nípa àwòrán orí ewé kan ṣoṣo. Owó ewé kan kò tó ti odidi ìwé, nítorí náà àwọn tí kì í ṣe ọba pàápàá lè rà á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí kì í ṣe akọni inú ìtàn, títí kan obìnrin, ṣe di ẹni tí à ń ya lọ́tọ̀.

Kò pẹ́ tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fi dé ara ògiri. Ní ààfin Chehel Sotoun ní Isfahan, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1647, àwòrán ńláńlá fi àwọn obìnrin hàn tí wọ́n ń jó níwájú ọba àti àlejò rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di àdììtú. Láti ìgbà tí ìjọba yí padà ní Iran ní ọdún 1979, àwọn aláṣẹ kò fàyè gba kí obìnrin máa jó ní gbangba níwájú ọkùnrin. Ní ọdún 2018, wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan nítorí fídíò ijó tó fi sórí Instagram. Síbẹ̀, ní ọdún 2020, Iran wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí àjọ UNESCO tìtorí wọn kọ iṣẹ́ ọnà àwòrán kékeré yìí mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí ayé dáàbò bò. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn lórí bébà ni wọ́n ń mú ènìyàn fún lójú pópó.

Ìdí nìyí tí àwòrán oníjó náà kò fi jẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹ̀rí ni: ó ń fi hàn pé obìnrin ti jó ní ilẹ̀ náà rí, níwájú ọba pàápàá, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé àṣà àjèjì ni.