Inú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n rọ̀ ni a fi ń ṣe é, pẹ̀lú ata, iyọ̀ àti epo pupa. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè da inú ẹni tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí sísanra jù rú.

Kí ni iṣẹ́ abẹ yìí?

Inú àpòlúkù ni oúnjẹ ń bọ́ sí nígbà tí a bá gbé e mì. Dókítà lè gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ó sì lè ya apá kékeré sọ́tọ̀, kí ó so ó mọ́ ìfun. Irú kejì yìí ni Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1966. Lónìí, a ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní Èkó àti Àbújá pẹ̀lú.

Bí oúnjẹ bá sáré

Ká ní ìyá kan tí ó ń dín dòdò ní Ìkirè ti ṣe irú kejì. Ó jẹ dòdò mẹ́ta, ó sì fi mínírà lé e. Kò pẹ́, inú rẹ̀ ń ru, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, òógùn bò ó, ó sáré lọ sí ilé ìgbẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Ohun dídùn ló sáré bọ́ sínú ìfun, ìfun sì fa omi ara mọ́ra. Kí ó yé jẹ ohun tí ó dùn jù tàbí tí epo pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ jẹ ẹyin, ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín díẹ̀. Kí ó jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná. Kí ó má mu omi mọ́ oúnjẹ. Kí ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó mu ún.

Bí ìgbẹ́ bá le

Oúnjẹ ti kéré, omi ti kéré, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì lè mú kí ìgbẹ́ gbẹ. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá láti Apòmù.

"Ìyáalé mi, ẹ mu ife kan péré, inú yín á ṣí."

"O ṣé, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi dókítà ná."

Ó gbọ́n. Àgbo tí ń ṣu ènìyàn ń lé omi jáde lára. Àpòlúkù kékeré kò sì lè gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi dí i. Kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, títí yóò fi tó lítà kan àbọ̀. Kí ó máa rìn. Kí ó jẹ ẹ̀fọ́ nígbà tí dókítà bá gbà á láyè. Kí ó má sì fi oògùn fítámì tí a fún un sílẹ̀, títí ayé ni.

Ìgbà tí a kò gbọdọ̀ dúró

Bí inú bá ń ro ènìyàn gan-an, bí ó bá ń bì tí omi kò dúró, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí ó bá ṣu ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń lẹ̀, tí ó sì ń rùn burúkú, ẹ̀jẹ̀ lè ni. Láti Ìkirè àti Apòmù, UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá sì wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí ìyá wa máa dín dòdò rẹ̀, kí ó máa tà á. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a tọ́ ọ wò.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí inú ìyá náà máa ru?
2. Kí ni ìdí tí kò fi mu àgbo?
3. Irú ìgbẹ́ dúdú wo ni ó léwu?