William Wilberforce àti Òfin Tó Gba Àjàyí Ọmọ Òṣogùn Là

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí bọ́ sóko ẹrú. Wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró láti dá wọn sílẹ̀. Òfin ló rán ọkọ̀ ogun náà níṣẹ́. Ìtàn ẹni tó jà fún òfin yìí nílé aṣòfin ni a fẹ́ sọ.

A bí William Wilberforce ní ìlú Hull ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ ọdún 1759. Òwò ni àwọn baba rẹ̀ fi là, ogún tó jẹ sì tó o jẹun láìṣiṣẹ́. Fàájì àti káàdì títa ló gba àkókò rẹ̀ ní Cambridge. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó wọ ilé aṣòfin ní 1780, lẹ́yìn tó ti ná ohun tó ju £8,000 lọ láti fi wá ìbò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà.

Ní 1785, ọkàn rẹ̀ yí padà sí Ọlọ́run, ó sì fẹ́ fi òṣèlú sílẹ̀. John Newton, àlùfáà tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rú, ló rọ̀ ọ́ pé kó dúró síbẹ̀, kó fi ipò rẹ̀ sin Ọlọ́run. Ó dúró. Thomas Clarkson ń kó ẹ̀rí jọ. Olaudah Equiano, tó ti ṣẹrú rí, kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé. Wilberforce sì ń sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Ní 1791, ẹni 88 ló gbè é, ẹni 163 kọ̀. Kò ṣíwọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù kejì ọdún 1807, ẹni 283 gbà, ẹni 16 péré ló kọ̀.

Òwò ẹrú nìkan ni òfin yìí kà léèwọ̀. Ọdún 1833 ni ilé aṣòfin tó fọwọ́ sí òmìnira àwọn tó ti wà lóko ẹrú, ọjọ́ mẹ́ta kí Wilberforce tó kú ló sì gbọ́ pé òfin náà yóò kọjá dájú. £20,000,000 ni ìjọba sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn ẹrú kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Wilberforce wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní 1799. Ẹgbẹ́ yìí ló kọ́ Àjàyí níwèé ní Sàró. Àjàyí yìí náà ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864, tó sì ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, púpọ̀ nínú yín ló ti dé ipò àṣẹ lónìí. Bí Wilberforce bá ti padà sílé lọ jẹ ogún rẹ̀ lẹ́yìn ìbò 1791, ta ni ì bá dá ọkọ̀ tó gbé Àjàyí dúró?