Láptọ́ọ̀pù géèmù tí ọmọ ń bèèrè: ẹ má fi owó àjọ ra wàhálà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹlùbọ́ tó gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní yunifásítì tàbí pólì, tí ọmọ ọ̀hún sì ti wí pé, "Màmá, láptọ́ọ̀pù géèmù ni mo fẹ́ o."

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin kọ́kọ́ sọ ọ́, inú bí mi. Mo ní, "Ṣé eré ni mo rán ẹ lọ ṣe níléèwé?" Ó ní kí n fara balẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́. Ó ní láptọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kò lè gbé iṣẹ́ àwọn dáadáa, pé ohun tó ń jẹ́ kí géèmù sáré, ìyẹn graphics card tó dá dúró, òun náà ló ń jẹ́ kí àwòrán ilé ṣe é yí síwá sẹ́yìn lójú ẹ̀rọ. Ó wá rẹ́rìn-ín: "Òótọ́ ni pé mo máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ náà o, mi ò ní purọ́ fún yín."

Mo gbà. Mo kó àjọ mi, mo kó owó fún un, mi ò sì bá a lọ. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó ra tòkunbọ̀ kan tó ń dán gbinrin lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wàhálà dé. Bó bá ti fi iṣẹ́ gidi sí i fún ogún ìṣẹ́jú, á gbóná, á sì kú fúnra ẹ̀. A dá a padà, ẹni tó tà á ní òun ò mọ̀ wá rí. Kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ wa. Owó oṣù mẹ́wàá wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ mọ ẹ̀rọ, kò mọ ọjà. Èmi mọ ọjà, mi ò mọ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo tún rí owó kó jọ, àwa méjèèjì la jọ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é.

Èkíní, a ti kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀ láti ilé. Graphics card ti NVIDIA, ó kéré tán GTX 1650 tó jáde ní 2019. Bí agbára bá gbé RTX 3050, ó dára jù bẹ́ẹ̀. RAM 16GB, tàbí 8GB tí àyè wà láti fi kún un. SSD 512GB. Ẹ má jẹ́ kí "Core i7" nìkan tàn yín jẹ. Ẹ bèèrè ìran rẹ̀: i7 ìran kẹrin ti ọdún 2013 ò lè bá i5 ìran kẹwàá ti 2020 sáré. Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 2025, nítorí náà Intel ìran kẹjọ sókè ni kí ẹ wá, kí Windows 11 lè gbà á.

Èkejì, ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ń ra iṣu láìtẹ̀ ẹ́ wò? Ọmọ mi ṣí Task Manager, ó fojú ara ẹ̀ rí RAM àti graphics card tó wà nínú ẹ̀, kò gba ti ṣítíkà gbọ́. Ó tẹ powercfg /batteryreport láti mọ iye agbára tó kù nínú bátìrì. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ó ṣí ìdérí, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló fi géèmù sí i fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹ ti ń pẹ́ jù o." Mo ní, "Ọmọ mi, ọlọ́jà lèmi náà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọjà ẹ̀ kì í sá fún ìdánwò." Ẹ̀rọ kan kú lójú wa níbẹ̀. A fi í sílẹ̀, a mú òmíràn.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ṣájà. Ti láptọ́ọ̀pù géèmù máa ń tóbi, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ 150 sí 230 wáàtì. Bí wọ́n bá fún yín ní kékeré, ẹ̀rọ ò ní lè lo gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ bí wọ́n bá ń ta géèmù. Ọ̀pọ̀ ò ní lò tó wákàtí méjì. Bí iná ò bá sí níbi tí ọmọ ń gbé, ẹ ro ìyẹn mọ́ ìnáwó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Mi ò kọ iye owó, nítorí bí dọ́là bá ṣe ń lọ ni iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má ná gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ má sì fọwọ́ kan owó ọjà. Bó bá sì jẹ́ ìwé kíkà àti lẹ́tà títẹ̀ nìkan ni ọmọ nílò, láptọ́ọ̀pù lásán tó o.

Ti ọmọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Bí mo bá gbọ́ tí fáànù ẹ̀ ń kùn lóru, mi kì í bèèrè mọ́ bóyá ilé ló ń yà tàbí bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Owó mi ò ṣòfò.

Òógùn ojú wa ò ní wọlẹ̀ o. Ajé á jókòó tì wá.