Láti Ọ́fíìsì Òyìnbó dé Agbowó: Bí Ọ̀dọ́ Ìbàdàn Ṣe Dẹni Tó Ń To Kọ̀ǹpútà Géèmù Fúnra Rẹ̀

Bí ẹ bá yà sí Queen Cinema, nítòsí Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn, ẹ ó rí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí wọ́n tò léra lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù: Dell, HP, Lenovo. Ọ́fíìsì òyìnbó ni wọ́n ti sìn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń wá ẹ̀rọ tí yóò fi tẹ lẹ́tà yóò yan ọ̀kan, yóò sanwó, yóò máa lọ. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan wà, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó àti Bódìjà, tí wọ́n á ní kí ọlọ́jà tú ìdérí ẹ̀rọ náà ná. Wọ́n á wo àyè tó kù nínú rẹ̀, wọ́n á sì béèrè iye wáàtì tí páwà páàkì rẹ̀ lè gbé. Kọ̀ǹpútà géèmù ni wọ́n fẹ́ fi tò.

Ó pẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ṣeé ṣe. Ọdún 1963 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ìṣirò ètò ìkànìyàn ló sì gbé e wá. Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn náà ni IBM ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ kan gba odindi yàrá nígbà náà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló sì láṣẹ láti fọwọ́ kan inú rẹ̀. Lónìí, ní Agbowó tó dojú kọ yunifásítì yẹn, àwọn ọmọ ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ lórí tábìlì ìkàwé.

IBM kan náà ló ṣílẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbèrò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ó gbé kọ̀ǹpútà tó pè ní IBM PC jáde. Ìkánjú wà nídìí iṣẹ́ náà: nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fún àwọn tó ṣe é ní Boca Raton, ní ìpínlẹ̀ Florida. Torí náà, wọ́n ra ẹ̀yà tó ti wà lọ́jà. Wọ́n gba prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, lọ́wọ́ Intel, wọ́n gba DOS, ètò tó ń darí rẹ̀, lọ́wọ́ Microsoft, wọ́n sì tẹ ìwé tó ṣàlàyé bí inú ẹ̀rọ náà ṣe rí. Ohun tó kù tó jẹ́ ti IBM pọ́nńbélé kò ju BIOS lọ, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ dìde. Lọ́dún 1982, ilé-iṣẹ́ Compaq jókòó kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ọ̀nà bá là. Láti ìgbà náà, ẹni tó mọ fáànù ṣe á ṣe fáànù, ẹni tó mọ mẹ́mórì ṣe á ṣe mẹ́mórì. Nígbà tó di ọdún 1995, Intel gbé ìlànà ATX kalẹ̀: bí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibi tí ihò síkúrúù rẹ̀ yóò wà, irú ẹnu wáyà tí páwà páàkì yóò ní. Ìlànà yẹn ló jẹ́ kí kéèsì tí wọ́n rọ ní Ṣáínà gba mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní Taiwan láì sí pé ẹnì kan ń wá ayùn.

Géèmù ló bí gíráfíìsì káàdì tí gbogbo ọmọ ń lé kiri lónìí. Nígbà tí Doom jáde lọ́dún 1993, prósẹ́sọ̀ ló ń dá gbogbo àwòrán rẹ̀ yà. Lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ 3dfx gbé káàdì Voodoo wá láti gba ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn prósẹ́sọ̀, NVIDIA sì gbé GeForce 256 tẹ̀ lé e lọ́dún 1999. Ládùúgbò tiwa, PlayStation ló kọ́kọ́ jọba: ṣọ́ọ̀bù kékeré, tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì, ọmọdé ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó wá yí ojú ọ̀dọ́ sí kọ̀ǹpútà ni pé ẹ̀rọ kan náà tó gbé EA Sports FC àti Valorant ló ń gé fídíò, tó ń ya àwòrán ilé, tó sì ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Ó rọrùn láti sọ fún bàbá ẹni pé, “Dádì, iṣẹ́ ilé-ìwé ni o.” Òótọ́ sì ni, dé ìwọ̀n àyè kan.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà gbìyànjú láti máa to tuntun nílé: Omatek ti olóògbé Florence Seriki, Zinox ti Leo Stan Ekeh tó jáde lọ́dún 2001. Síbẹ̀, tòkúnbọ̀ ló bá àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, ọjà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà sì di Computer Village. Ewu wà níbẹ̀ o. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network kọ ọ́ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ẹrù ẹ̀rọ ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, àwọn ọlọ́jà sì sọ fún wọn pé nínú mẹ́rin, bíi mẹ́ta kò ṣeé tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n kì í fi gbé ẹ̀rọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì jẹ́ pé wọ́n tan án lójú rẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń yan ẹ̀yà? Fídíò òyìnbó tí àwọn ọmọ ń wò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí gíráfíìsì káàdì. Fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, iná ló yẹ kó kọ́kọ́ yàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300 wáàtì, tí ọmọ fi gbá géèmù fún wákàtí mẹ́rin, á jẹ yúníìtì 1.2; ní iye owó ìgbà náà, ₦270 nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Owó yẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń pa ẹ̀rọ ni iná tó lọ lójijì, tó tún fi agbára dé. Páwà páàkì ló ń kọ́kọ́ gba ẹ̀ṣẹ́ náà, bí èyí tí kò dára bá sì kú, ó lè pa mọ́dábọ́ọ̀dù àti káàdì mọ́ra rẹ̀. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n kọ 600 wáàtì sí lára, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé wọn, ṣe ni wọ́n fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Ẹ wá èyí tó ní àmì 80 Plus látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, kí ẹ sì so ó mọ́ sìtábíláísà tàbí UPS. Ẹni tó ní ìnfátà, kó rí i pé èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní pure sine wave ni, torí pé èyí tó kéré sí i lè mú kí páwà páàkì òde òní máa kùn tàbí kó pa ara rẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni láti ra tòkúnbọ̀ ọ́fíìsì kí ẹ sì fi káàdì kún un. Ẹ máa wá prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ sókè, irú èyí tó wà nínú Dell OptiPlex 7060 tàbí HP EliteDesk 800 G4, torí pé Windows 11 kò gba èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Microsoft sì ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Páwà páàkì ọ́fíìsì kò lágbára, ẹnu wáyà rẹ̀ lè má bá ìlànà ATX mu, kò sì rọrùn láti pààrọ̀. Ojú tí mọ́dábọ́ọ̀dù fi ń gba káàdì lè fún un ní 75 wáàtì, ìyẹn ni GTX 1650 tó jáde lọ́dún 2019 fi gbajúmọ̀: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ kò béèrè wáyà iná míràn. Bí kéèsì bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì kúkúrú ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀nà kejì ni títò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ́lé ní Ìbàdàn, ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, ògiri lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ra ẹ̀yà. Náírà ló fà á: nígbà tí ìjọba tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹ̀yà 100 dọ́là tí kò ju bíi ₦47,000 lọ di ohun tó lé ní ₦150,000 kí ọdún 2024 tó parí, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra mọ́dábọ́ọ̀dù lóṣù yìí, tí prósẹ́sọ̀ dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àkókò tí ọlọ́jà fi dúró fún ọjà rẹ̀ ti kọjá kí ẹ tó mọ̀ pé mọ́dábọ́ọ̀dù náà ti kú. Ó sàn kí ẹ fi owó pamọ́, kí ẹ ra mọ́dábọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀, mẹ́mórì, SSD àti páwà páàkì pọ̀, kí ẹ sì tan wọ́n lọ́jọ́ náà. Prósẹ́sọ̀ tó bá ẹni tí kò tíì ní owó káàdì mu ni Ryzen 5 5600G tó jáde lọ́dún 2021, torí pé ó ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀. Mẹ́mórì 8GB méjì ni kí ẹ fi sí i dípò 16GB ẹyọ kan. Inú mẹ́mórì yẹn ló ti ń ya àwòrán, méjì sì yára ju ọ̀kan lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti sọ BIOS mọ́dábọ́ọ̀dù náà dọ̀tun, torí pé mọ́dábọ́ọ̀dù irú B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá prósẹ́sọ̀ yìí mọ̀. Bí owó bá tún dé, kí káàdì tẹ̀ lé e. Káàdì RX 6600 kò gbà ju 132 wáàtì lọ. Ẹ ṣọ́ra fún káàdì àlòkù tí wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí ayélujára, tọ̀sán-tòru kí iṣẹ́ náà tó parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ẹ ní kí wọ́n fi géèmù tó wúwo dán an wò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó sanwó.

Títò gan-an kò le tó yíyàn. Ẹ tò ó lórí tábìlì, ẹ má jẹ́ kó kan kápẹ́ẹ̀tì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí iná static tó ń kóra jọ sára ènìyàn lè pa mẹ́mórì. Ẹ máa fọwọ́ kan irin kéèsì lóòrèkóòrè. Prósẹ́sọ̀ ní àmì onígun mẹ́ta ní igun kan. Ẹ fi ko àmì tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Píìnì tó bá tẹ̀ ti di ìnáwó. Ẹ fi ìpara tí wọ́n ń pè ní thermal paste sí i, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, kí ẹ tó de fáànù mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti gbé ẹ̀rọ tọ ẹnjiníà lọ nítorí nǹkan méjì péré: wọ́n gbàgbé wáyà iná tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, tàbí wọ́n ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ mọ́dábọ́ọ̀dù dípò káàdì. Bí ọyẹ́ bá sì ti lọ tán, ẹ ṣí i, kí ẹ gbọn eruku inú fáànù rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ to kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ìmọ̀ yẹn lè wúlò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó nílò kọ̀ǹpútà lónìí, àwọn tó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Queen Cinema ń fi ọ̀nà yẹn bọ́ ìdílé. Kí ẹ tó fún un lówó káàdì, ẹ kàn bi í léèrè páwà páàkì wo ló rà àti ibi tí sìtábíláísà rẹ̀ wà. Bí kò bá tíì rí ìdáhùn, owó káàdì kò tíì yá.