Bírọ́ílà Tí Kò Lè Dìde Mọ́

Nígbà tí adìẹ bírọ́ílà bá wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí olówó rẹ̀ ti ń fọkàn ṣírò èrè ọdún Kérésì, ni wàhálà ẹsẹ̀ sábà máa ń yọjú. Èyí tó tóbi jù nínú wọn á jókòó, kò ní lè dìde mọ́. Apá ló máa fi ń wọ́ ara rẹ̀ kiri, àwọn yòókù á sì máa tẹ̀ ẹ́ kọjá. Omi wà, oúnjẹ wà, síbẹ̀ ebi àti òǹgbẹ ni yóò pa á. Abẹ́rẹ́ lọ̀pọ̀ ń sáré rà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹran ara adìẹ náà ló ti sáré ju egungun rẹ̀ lọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó ń wo ìyẹn.

Ọmọ bírọ́ílà tí kò ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á lè lé ní kìlógíráàmù 2 láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, àwọn onímọ̀ fi oúnjẹ kan náà tọ́ irú adìẹ tó wà ní 1957 àti irú ti 2005. Nígbà tó pé ọjọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905. Ti 2005 lé ní kìlógíráàmù 4. Egungun tí kò tíì gbó ló ń ru gbogbo ẹrù yẹn.

Àwọn kan tún ń tan iná mọ́jú kí adìẹ lè máa jẹun ṣáá. Kò dáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, òkùnkùn wákàtí 4 sí 6 lóru á jẹ́ kí ìdàgbà rọra, kí egungun sì ráyè le. Níbi tí iná ìjọba ti ń lọ bó ṣe wù ú, èèyàn lè rò pé ìyẹn ti bá òun ṣe é. Ṣùgbọ́n adìẹ tí òkùnkùn kò mọ́ lára máa ń wọ́ jọ sójú kan, wọ́n á tẹ ara wọn pa. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n fi mọ́ wọn lára.

Bébà tó ń yọ̀ ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ ọjọ́ kan là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpò ìdọ̀họ sàn jù. Èérún pákó tó tutù sì ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Bí òórùn rẹ̀ bá ti ń ta èèyàn nímú, ó ti yẹ kí wọ́n kó o dànù tipẹ́.

Nítorí ọ̀wọ́n, àwọn mìíràn ń po eèrí àgbàdo mọ́ oúnjẹ tí wọ́n rà. Kálísíọ̀m, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti fítámì D3 tó ń kọ́ egungun ni wọ́n ń dín kù. Oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin kọ́ ni àtúnṣe: kálísíọ̀m inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó lè ba kíndìnrín bírọ́ílà jẹ́.

Bí ìka ẹsẹ̀ bá ká wọnú, ó lè jẹ́ fítámì B2 ló wọ́n. Bí wọ́n bá tètè fi fítámì sómi, ó lè bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá na ẹsẹ̀ kan síwájú, tó na èkejì sẹ́yìn, àrùn Marek ni kí wọ́n fura sí. Kò ní oògùn. Àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọ adìẹ lọ́jọ́ kìíní ló ń dènà rẹ̀. Dókítà ẹran ni kó wò ó.

Kí wọ́n ya èyí tó jókòó sọ́tọ̀, kí wọ́n gbé omi sílẹ̀ níbi tí ẹnu rẹ̀ á dé. Bí kò bá dìde lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ kó máa jìyà, kí wọ́n pa á. Bí wọ́n bá sì ti fún un lóògùn, ẹran rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn náà á fi pé.