Àlùmọ́gàjí inú ara

Lábẹ́ òkúta etíkun Puerto Rico, ẹ̀dá kan wà tó rí gbọọrọ bí apálá dúdú. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Holothuria glaberrima. Bí ìnira bá dé bá a, ó lè tú ìfun ara rẹ̀ síta, kó má sì kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìfun mìíràn á ti hù. Ẹni tó ti rí ìrù ọmọńlé tó já tó tún hù lè ní kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ìfun kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrù.

Awọ fẹ́lẹ́ tó so ìfun àtijọ́ mọ́ ara ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀dá náà, etí awọ náà sì ni ìfun tuntun ti ń yọ. Kọ́lájìn, purotéènì tó le bí okùn, ló di awọ yìí mú. Ní 2002, José García-Arrarás àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Puerto Rico ṣàlàyé pé kọ́lájìn náà ń dínkù bí ìfun ṣe ń hù. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gé purotéènì ló ń tú okùn náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà fi kẹ́míkà dí ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí lọ́wọ́, ìfun kò hù bó ṣe yẹ.

MMP ni wọ́n ń pe ìdílé ẹ́ńsáìmù yìí. Jerome Gross àti Charles Lapière ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn ní Amẹ́ríkà ní 1962, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tó ń jẹ ìrù ọmọ àkèré tán bó bá ń dàgbà. Wọ́n gbé ègé ìrù lé orí kọ́lájìn; kọ́lájìn yọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń pa ìrù rẹ́ yìí kan náà ni sálámáńdà, ẹ̀dá tó rí bí aláǹgbá, ń lò láti hu ẹsẹ̀! Ní 2005, àwọn onímọ̀ dí MMP lọ́wọ́ lára sálámáńdà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn kan kúrú, ti àwọn mìíràn kò tilẹ̀ hù: kùkùté tó ní àpá ló kù, bíi tiwa.

Kò sì yẹ kí gígé purotéènì yìí kọjá ààlà. Ara ní purotéènì mìíràn, TIMP, tó ń kó MMP níjàánu; sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà máa ń fi MMP lànà fún ara rẹ̀.

Nínú àwọn ohun tó ń hù padà, ẹ̀dọ̀ ló sún mọ́ wa jù. Bí wọ́n bá gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku kúrò, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù mìíràn, urokinase, á ti gbéra. Purotéènì kan tó ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ pọ̀ sí i ti sùn síbẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti gé e sí méjì, ó jí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.