Wíwọn Másùnmáwo Àwọn Aṣíwọ̀lú Latino ní Amẹ́ríkà: Ẹ̀kọ́ fún Olùṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ohun tí kò bá ní orúkọ tí ó dájú ṣòro láti wọ̀n. Èyí hàn gbangba nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń wádìí ìnira ọkàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣí kúrò ní Mẹ́síkò, El Salvador àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí a ti ń sọ èdè Sípáníìṣì, tí wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà.

Nínú ìmọ̀ físíìsì, ipá tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀n ààyè kan nínú irin ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stress. Bí irin náà bá fà tàbí tí ó sún kì, orúkọ mìíràn ni wọ́n fún ìyẹn. Ìwádìí tí Hans Selye tẹ̀ jáde ní 1936 ṣàpèjúwe bí ara ṣe ń dáhùn sí onírúurú ìpalára. Nígbà tí ó wá lo stress fún ìdáhùn ara yìí, ó di dandan kí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn fún okùnfà rẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ láàrin okùnfà àti àbájáde kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Ní 1967, Thomas Holmes àti Richard Rahe to ìṣẹ̀lẹ̀ 43 jọ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: 100 fún ikú ọkọ tàbí aya, 50 fún ìgbéyàwó. Máàkì kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wúwo fún ẹnìkan lè fúyẹ́ fún ẹlòmíràn; kò sì sí bí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi èyí hàn.

Richard Cervantes, Amado Padilla àti Nelly Salgado de Snyder wá ọ̀nà mìíràn nínú Hispanic Stress Inventory, tí wọ́n gbé jáde ní 1991. Ẹ̀dà méjì ni. Èyí tí ó wà fún àwọn tí wọ́n ṣí wọ Amẹ́ríkà ní ìbéèrè 73, èyí tí ó wà fún àwọn tí a bí síbẹ̀ sì ní 59. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ pín sí ọ̀nà márùn-ún: iṣẹ́ àti ọrọ̀-ajé, ọmọ títọ́, ìgbéyàwó, ẹbí àti àṣà, àti ìṣíwọ̀lú fúnra rẹ̀. Ìpín ìkẹyìn yìí kò sí nínú ẹ̀dà kejì. Àtúnṣe òṣùwọ̀n náà jáde ní 2016.

Ìpele méjì ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Èkíní ni pé, ǹjẹ́ ohun báyìí ṣẹlẹ̀ sí ọ láàrin oṣù mẹ́ta tí ó kọjá? Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ìpele kejì béèrè bí ó ti da ọkàn láàmú tó, láti 1 dé 5. Báyìí ni okùnfà gba àyè tirẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ lára ẹni sì gba tirẹ̀.

Èdè Sípáníìṣì ti yá stress wọlé, wọ́n ń pè é ní estrés. Síbẹ̀, kì í ṣe bí ènìyàn bá ní estrés ni òṣùwọ̀n náà ń béèrè, bí kò ṣe ohun tí ojú rí: àìgbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dínà àjọṣe, tàbí ìbẹ̀rù pé bí ènìyàn bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọn yóò dá a padà sí ìlú rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyí fún olùtumọ̀.

Ní 1970, Richard Brislin ṣàlàyé ìtumọ̀ àtúndá: ẹnìkan yóò túmọ̀ ìwé, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ yóò dá a padà sí èdè tí ó ti wá, a ó sì fi méjèèjì wé ara wọn. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n kò lè mú gbogbo àṣìṣe. Bí ìbéèrè Yorùbá bá sọ pé, “Báwo ni ẹ ṣe ronú nípa rẹ̀ tó?”, ẹnìkan lè mú 5 nítorí pé ìbànújẹ́ bá a, ẹlòmíràn nítorí pé ó fara balẹ̀ yẹ ọ̀ràn náà wò. “Báwo ni ọkàn yín kò ṣe balẹ̀ tó?” dáàbò bo ìtumọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fún iṣẹ́ yìí, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó bá a mu:

Másùnmáwo: ìnira tí ó bá ọkàn àti ara.
Okùnfà másùnmáwo: ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fà á.
Ìwúwo-lára: bí ẹni tí ó kàn ṣe gbà á sí.
Aṣíwọ̀lú: ẹni tí ó ti ilẹ̀ mìíràn wá tẹ̀dó.

Àtìpó kò tó fún èyí ìkẹyìn, nítorí ó lè jẹ́ ẹni tí yóò padà sílé láìpẹ́. Aṣíkiri kò sọ pé ẹni náà ti tẹ̀dó. Ọmọ tí aṣíwọ̀lú bí sí Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe aṣíwọ̀lú mọ́.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston náà jẹ́ aṣíwọ̀lú. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé àwọn Latino ni a ti yọ ìbéèrè òṣùwọ̀n yìí. Títúmọ̀ rẹ̀ nìkan kò lè sọ ọ́ di ti Yorùbá. Nọ́ńbà tí ó jáde nínú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi béèrè kò bá dúró, nọ́ńbà náà kò lè dúró.